Ṣé "àpótí aṣọ" ni kí n kọ àbí bọ́ọ̀kìsì?

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mò ń kọ ìtàn kan fáwọn ọmọdé, màmá àgbà inú ẹ̀ ní nǹkan tó ń kó aṣọ òkè ẹ̀ sí, wọ́n fi pákó kàn án, ó ní ìdérí àti àgádágodo, mo wá pè é ní àpótí, àmọ́ àwọn ọmọ tí mo kọ́kọ́ kà á fún rò pé èyí tí wọ́n ń jókòó lé ni mò ń sọ, wọ́n ní báwo laṣọ ṣe máa wọ inú ẹ̀. Mi ò bá wọn wí o, torí àpótí ìjókòó wà lóòótọ́, ti aṣọ ló ti di bọ́ọ̀kìsì tàbí báàgì lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ó ń dùn mí ṣá, torí ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kú, a ṣì ń sọ pé àpótí ìdìbò, àpótí ẹ̀rí náà wà nínú Bíbélì, kò sẹ́ni tó ń ṣi ìyẹn gbọ́.

Ṣé kí n kọ "àpótí aṣọ" jálẹ̀ ni, àbí káwọn ọmọ inú ìtàn máa pè é ní bọ́ọ̀kìsì, kí màmá nìkan máa sọ pé àpótí? Èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì ló wù mí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó rú ọmọ tó ń kàwé lójú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lọ́dọ̀ àwọn àgbà, kí ni wọ́n ń pè é, ṣé àpótí lásán ni àbí wọ́n máa ń fi nǹkan kún un?