Ẹ má pè é ní "orin ìbílẹ̀" o

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fara mọ́ "orin ìbílẹ̀ ìgboro" tí ẹ̀gbọ́n dá lábàá lánàá pé ká fi ṣe orúkọ Yorùbá fún orin táwọn tó ti ni ilẹ̀ káwọn òyìnbó tó dé ń kọ láwọn ìlú ńlá. Téèyàn bá ti gbọ́ orin ìbílẹ̀ báyìí, orin àtijọ́ ló máa rò, ọjọ́ orí ni ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ, kò sọ ẹni tó ni ín.

Ẹ wo The Halluci Nation, ẹgbẹ́ olórin irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ láti Ottawa ní Kánádà, tí wọ́n ń jẹ́ A Tribe Called Red kí wọ́n tó yí orúkọ padà ní 2021. Ẹ máa gbọ́ ìlù powwow (àpèjọ ijó àti orin wọn) nínú orin wọn, ìlù ńlá kan ṣoṣo táwọn èèyàn jókòó yí ká tí gbogbo wọn jọ ń lù ú tí wọ́n sì ń ké orin lé e lóhùn òkè, làwọn DJ bá ti béèsì bọ̀ ọ́ lábẹ́, ló bá di ijó kíláàbù. Ibo ni àtijọ́ wà ńbẹ̀? Ẹ sì rántí pé ní Kánádà yìí náà, òfin ka àwọn ayẹyẹ kan táwọn tó ti ni ilẹ̀ yìí ń ṣe léèwọ̀ láti 1885, ó di 1951 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò, torí náà kí irú ìlù bẹ́ẹ̀ wá máa dún láàárín ìgboro kì í ṣe fàájì lásán.

Brô MC's ti Bràsíl ńkọ́? Ọmọ ẹ̀yà Guarani Kaiowá ni wọ́n, ìlú Dourados ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ráàpù ní 2009, wọ́n ń fi èdè Guarani ṣe é, wọ́n ń fi Potogí lú u. Ráàpù ò ṣẹ̀ lọ́dọ̀ wọn (New York ló ti wá) àmọ́ tiwọn ni báyìí.

Ẹni tó ní ká lo "ọmọ onílẹ̀", háà, ẹ gbà mí, àwọn tó ń fi tipátipá gbowó lórí ilẹ̀ ló máa wá síni lọ́kàn! "Àkọ́tẹ̀dó" dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó tẹ̀dó, ibòmíì ló ti wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní àwọn ò ti ibì kankan wá.

Èmi ní ká kàn fi "ọmọ" há a láàárín: orin ọmọ ìbílẹ̀. Èèyàn ni ìbílẹ̀ ń júwe nígbà yẹn, orin wọn ì báà jẹ́ tàná tàbí tòní. Èyí tó kù tó ń jà mí lọ́kàn ni bóyá ká fi "nígboro" tẹ̀ lé e tàbí "ará ìgboro", torí "nígboro" fẹ́ sọ wọ́n di àlejò, bẹ́ẹ̀ Ottawa fúnra ẹ̀, orí ilẹ̀ àwọn Algonquin, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, ni wọ́n kọ́ ọ sí. Kí lẹ rí sí i?