Báwo lẹ ṣe ń ka ìwé àkọsílẹ̀ ọdún tó ń parí lọ?

Ẹ kú ìmúra ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Láti oṣù Kínní ọdún 2023 yìí ni mo ti ń kọ ohun tójú mi ń rí sínú ìwé lálaalẹ́. Mo fẹ́ jókòó tì í kí àìsùn ọdún tuntun tó dé, àmọ́ mi ò mọ ibi tí mo ti fẹ́ mú un. Ọ̀rọ̀ owó ló kún inú ẹ̀. Lóṣù Kejì tí owó tuntun wọ́n bí ojú, mo kọ ọ́ pé mo gba ₦5,000 lọ́wọ́ oní-POS, ó sì yọ ₦1,000 níbẹ̀. Ìparí oṣù Karùn-ún, ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan fò láti nǹkan bíi ₦190 sí nǹkan bíi ₦500. Látìgbà náà, owó ọkọ̀ Mọ́kọ́lá sí Dùgbẹ̀ ló gba gbogbo ojú ìwé, bí ẹni pé akọ̀wé gáréèjì ni mí! Ọjọ́ ìgbéyàwó àbúrò mi wá ńkọ́? Ìlà kan péré: "Ó rẹ̀ mí. Gèlè yẹn fún mọ́ mi lórí jù."

Ṣé kí n kà á tán pátá ni, àbí kí n máa ṣa á kà? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní kí n dáná sun ún. Ìyẹn ò ṣeé gbọ́ sétí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ṣe é tipẹ́, kí lẹ máa ń wá nínú tiyín gan-an? Ẹ̀yin abilékọ, ẹ jọ̀ọ́, ibo lẹ ń fi í pamọ́ sí?