Èsì òfìfo, òdo tàbí “àìsí”?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ ní ká máa pe èsì ìbéèrè dátábéèsì (àká àkọsílẹ̀ inú kọ̀ǹpútà) tí kò mú àkọsílẹ̀ kankan wá ní “àìsí”. Ó dùn létí, àmọ́ mi ò gbà á. Yóò po nǹkan mẹ́ta pọ̀.

Ẹ wo kóòdù kan tó fìyà jẹ mí nígbà kan, PHP tí wọ́n fi ń ṣe ojú-ewé íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo fi kọ ọ́. Mo ní kí MySQL, ètò tó ń bójú tó dátábéèsì, bá mi wá orúkọ tí ẹnì kan tẹ̀ wọlé, mo wá kọ if ($esi), ìyẹn “bí èsì bá wà”, lérò pé bí kò bá sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, else, ìyẹn “bí bẹ́ẹ̀ kọ́”, ni yóò ṣiṣẹ́. Rárá o! Àtẹni tá a mọ̀, àtẹni tá ò mọ̀ rí, gbogbo wọn lojú-ewé náà ń kí káàbọ̀. Èsì dé lóòótọ́, inú rẹ̀ ló ṣófo. Ìgbà tí ìbéèrè fúnra rẹ̀ bá kùnà ni false (“irọ́”), tó ń mú else ṣiṣẹ́, máa ń jáde nígbà yẹn. Num_rows, iye ìlà (àkọsílẹ̀) tó wà nínú èsì, ló yẹ kí n yẹ̀ wò. Igbá tó dé lófìfo yàtọ̀ sí igbá tí kò dé rárá. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ “èsì òfìfo”.

Òdo ńkọ́? Ẹ fi COUNT(*), àṣẹ tó ń ka iye ìlà, béèrè lórí tábìlì tí kò ní nǹkan kan nínú: ìlà kan ló máa dá padà, 0 ló sì máa wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣọ́ bóyá ìlà wá, á ní ó wá! Ẹ fi SUM, àṣẹ tó ń ro iye pọ̀, béèrè níbẹ̀, NULL (àmì àyè tí kò ní iye kankan nínú) lẹ máa rí, kì í ṣe 0. Òfìfo, òdo, NULL: “àìsí” á gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mì. (Fún NULL, “àìmọ̀” wù mí, àmọ́ mi ò ní torí ẹ̀ jà.)

Ọ̀dọ̀ EXISTS, àṣẹ dátábéèsì míì, ni “sí” yín ti máa wúlò. “Mélòó ni?” ni COUNT ń béèrè, “ṣé ó wà?” ni ti EXISTS. Ẹni tó kanlẹ̀kùn tó ní “ṣé ẹ wà nílé?” kò ní kí wọ́n ka orí fún òun, ẹni àkọ́kọ́ tó bá dáhùn ti tó. Bẹ́ẹ̀ náà ni EXISTS ṣe lè dúró síbi ìlà àkọ́kọ́ tó bá rí. Èdè wa tiẹ̀ ti ṣe èyí sílẹ̀: a kì í sọ pé “kò wà”, “kò sí” là ń wí. EXISTS, “ó wà”. NOT EXISTS, “kò sí”. Kí la tún fẹ́ fi “ìwàníbẹ̀” tí ẹ dábàá fún EXISTS ṣe?