Òmìnira ni, tàbí àyè? Lórí ìtumọ̀ "òmìnira ìwé ìròyìn"

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Àbúrò wa kan tó ń túmọ̀ ìtàn ìwé ìròyìn ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Nàìjíríà béèrè bóyá "òmìnira ìwé ìròyìn" bá ohun tó wà nígbà náà mu. Ẹ̀gbọ́n kan dá a lóhùn pé ó bá a mu dáadáa: Òyìnbó ló gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wá, òun náà ló gbé òmìnira rẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yẹn kò wọlé sí mi létí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Abẹ́òkúta. Ibẹ̀ ni Henry Townsend, ajíhìnrere kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Ìwé Ìròhìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní oṣù Kejìlá 1859. ("Ìròhìn" ni wọ́n kọ, kì í ṣe àṣìkọ tèmi.) Òyìnbó ni Townsend lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí gómìnà Gẹ̀ẹ́sì kankan tó ń jọba lórí Ẹ̀gbá nígbà náà, kò sì sí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó dé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n lé àwọn Òyìnbó kúrò nílùú ní 1867, ìwé náà dópin. Ní gbogbo ìgbà tó fi wà, ta ló fún un lómìnira? Kò sẹ́ni tó dè é, ká tó wá sọ pé ẹnì kan tú u sílẹ̀.

Èkó ni ẹjọ́ ẹ̀gbọ́n ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà, ń múra láti dá ìwé ìròyìn Anglo-African sílẹ̀, Gómìnà Freeman fẹ́ kí wọ́n bu owó orí lé ìwé ìròyìn, àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kò gbà. Ìwé náà jáde ní 1863. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jáwọ́ nínú gbígba àṣẹ kí èèyàn tó tẹ̀wé ní ilẹ̀ tiwọn, láti 1695. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ohun tí ẹnì kan lè fi sílẹ̀ lónìí, tó sì lè gbà padà lọ́la, àyè la máa ń pè é. A máa ń sọ pé "wọ́n gbà mí láyè." Ọmọ ilé kì í sọ bẹ́ẹ̀ nínú ilé bàbá rẹ̀.

Wọ́n sì gba àyè náà padà lóòótọ́. Òfin ìwé ìròyìn ti 1903 ní kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn ní Èkó fọwọ́ sí ìwé ìdógò pọ́ùn 250, kí ó sì mú onígbọ̀wọ́ wá. Ẹ dúró síbi onígbọ̀wọ́ yẹn. Nínú èdè wa, ta ló ń wá onígbọ̀wọ́? Ẹrú kì í wá a, nítorí wọ́n ti rà á tán. Ọmọ òmìnira kì í wá a láti la ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ yáwó ló ń wá a, ibẹ̀ náà la sì ti bá ìwọ̀fà: ọmọ bíbí inú ìlú ni, ó ní oko tirẹ̀, ṣùgbọ́n apá kan nínú ọjọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ olówó. Èmi rò pé ipò tí ìwé ìròyìn Èkó wà lẹ́yìn 1903 gan-an nìyí. Ó lè sọ̀rọ̀, àmọ́ wọ́n ti fi apá kan ahọ́n rẹ̀ dógò.

Ẹlòmíì béèrè bóyá "ọ̀tẹ̀" ni kí á pe ẹ̀sùn inú òfin 1909, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "sedition", tí wọ́n fi ń mú àwọn olóòtú. Rárá o. Ọ̀tẹ̀ la máa ń dì, tàbí ká ṣe é. Ó ń fẹ́ èèyàn méjì mẹ́ta àti ibi kọ́lọ́fín. Ohun tí òfin yẹn ń lé ni ọ̀rọ̀ tó lè mú kí ará ìlú kórìíra ìjọba. Sapara Williams, lọ́yà tó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin Èkó, ta kò ó lójú wọn. Ó ní irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ kò bá ìwà Yorùbá mu, kò sì ní àyè nínú ètò ìlú wọn. Bóyá lọ́yà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n mo rántí alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ẹlẹ́fẹ̀ á júbà tán, tí yóò wá bú olówó àti olóyè níṣojú gbogbo ayé, tí ilẹ̀ á mọ́ láìsí ẹni tó mú un. Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá fún ẹ̀sùn 1909 ni "ọ̀rọ̀ òdì sí ìjọba". Mo mọ̀ pé inú Bíbélì la ti mọ "ọ̀rọ̀ òdì", pé Ọlọ́run ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn.

Ní ti "ìtẹ̀" tó wà nínú "ìtẹ̀wé", kí àbúrò má fi í sílẹ̀ o. A ń tẹ ìwé jáde, a sì ń tẹ nǹkan rì. Àtẹ̀jáde, àtẹ̀rì. Nígbà tí Herbert Macaulay lọ sẹ́wọ̀n ní 1928 nítorí ohun tó jáde nínú Lagos Daily News, àtẹ̀jáde ló di àtẹ̀rì. Mo fẹ́ kí a máa lo "ìtẹ̀rì ìròyìn" fún gbogbo ọ̀nà tí ìjọba ń gbà pa ìròyìn lẹ́nu mọ́.

Fún òde òní, "ẹ̀tọ́" ni mo fara mọ́, nítorí ẹ̀ka 39 nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè wa ti 1999, tó dá lórí sísọ èrò ẹni jáde, kò sọ pé ẹnikẹ́ni fún wa láyè. Àmọ́ àwọn ọ̀rọ̀ 1909 ṣì wà nínú ìwé òfin ọ̀daràn wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ nínú ẹjọ́ Arthur Nwankwo, òǹkọ̀wé tí wọ́n fi ẹ̀sùn yìí kàn, pé wọn kò lè bá òfin ìpìlẹ̀ ti 1979 gbélé pọ̀. Nítorí náà, àbúrò, "àyè ìtẹ̀wé" ni kí o kọ láti 1863 dé 1903. Láti 1903 lọ, n kò tíì rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. "Ìwọ̀fà" ló ṣì wà lọ́kàn mi. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní èyí tó sàn jù, mo ń retí wọn.