Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lọ Jẹ́bà

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn, inú ló ń bí mi, mi ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́, bàbá àwọn ọmọ mi kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Manchester ló wá lo họ́lídé lọ́dọ̀ wa ní Ìlọrin níbí, ọmọ ogún ọdún, àsìkò họ́lídé yìí, sọ́mà ni wọ́n ń pè é lọ́dọ̀ wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fẹ́ lò. Mo ti tò ó sílẹ̀ pé màá mú un kiri ilé àwọn ẹbí, kó lọ kí bàbá àgbà ní Òkè Ìmàlè, kó jẹ tùwó, kó jẹ wàrà, ká ya fọ́tò. Ọmọ dé, ó di kẹ̀kẹ́! Ó tú kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, ó kó o sínú páálí, ó gbé e wọ báálù wá, orí kápẹ́ẹ̀tì mi tí mi ò tíì lò pé oṣù méjì ló ti tò ó pọ̀, gíríìsì ẹ̀ ò tíì kúrò títí di òní.

Tí aago mẹ́fà àárọ̀ bá ti lù, ó ti jáde. Ó gùn ún lọ Ògbómọ̀ṣọ́, ó gùn ún bọ̀. Ó gùn ún lọ Ọ̀ffà, ó mu míníráàsì kan níbẹ̀, ó tún kọjú kẹ̀kẹ́ sílé. Tó bá dé, ẹyin mẹ́fà ni, mẹ́fà o, pẹ̀lú odidi búrẹ́dì. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní mọ́ọ̀gáàdì, gbogbo ẹrẹ̀ òjò ni táyà ẹ̀yìn ń ta sí i lára dé ìpàkọ́, ọmọ tó ń bá mi fọṣọ ti ní òun fẹ́ padà sí abúlé. Ti ṣòkòtò ẹ̀ ni mi ò tiẹ̀ fẹ́ dá sí, ó lẹ̀ mọ́ ọn nítan bí awọ ìlù, Jímọ̀ tó kọjá tó fẹ́ jáde báyìí, Áfáà àdúgbò wa ń bọ̀ láti mọ́sálásí, ṣe ni wọ́n kọjú sí ògiri.

Sátidé tó kọjá ló wá burú jù. Ó lọ sí ìdí dáàmù Àsà, ó fún apẹja kan lówó kó gbé òun sínú ọkọ̀, kó sì kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń wà á. Aago mẹ́jọ alẹ́ kọjá kó tó wọlé, kò síná lára kẹ̀kẹ́. Mo ní ṣé o fẹ́ pa mí ni, ó ní "Àǹtí ẹ má bínú, nílé, ilẹ̀ ṣì máa ń mọ́ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó bá ti di sọ́mà, mo gbàgbé pé méje ni ibí ń ṣú." Ó gbàgbé! Báyìí ó ní Sátidé tó ń bọ̀ òun ń gun kẹ̀kẹ́ lọ Jẹ́bà, òun á sun ibẹ̀, òun á wa ọkọ̀ lórí adágún fún ọjọ́ méjì. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá a dúró láìjà? Mo ti ń rò ó pé kí n yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, ẹ má bú mi.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Hahaha. Ìlú tóbi tóyìí wọn ò léégún rárá, ẹṣin leégún ilé wọn, ẹ wá rí kẹ̀kẹ́ lásán, àyà yín já. Ọmọ yẹn wọ Ọ̀ffà kò kí ẹnì kankan, ẹ bá wa bi í.

Ọmọ Gàm̀bàrí:
Ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, abájọ tó o fi wá ìjà dé inú ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Obìnrin ń ké gbàjarè, ò ń ki oríkì.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀:
Àǹtí, ẹ kú wàhálà. Ẹ jẹ́ n bi yín díẹ̀. Ṣé ó mọ omi wẹ̀ dáadáa? Òun nìkan ló fẹ́ lọ àbí ó lẹ́nìkejì? Ìyá ẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀? Tó bá sì ti ń ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ máa fojú sí ìtọ̀ ẹ̀. Ìgbín kéékèèké tó wà létí omi ló ń tọ́jú kòkòrò ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, ara lásán ló ń gbà wọlé, kò dìgbà téèyàn bá mu omi yẹn. Oògùn ẹ̀ wà, praziquantel, àmọ́ tó bá padà dé ọ̀hún kó sọ fún dókítà pé òun wọ omi ní Nàìjíríà, torí ọkàn àwọn yẹn lè má lọ síbẹ̀.

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ ṣeun àbúrò mi. Ó mọ omi wẹ̀ o, láti kékeré ló ti mọ̀ ọ́n. Ó ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ òun máa ń gun kẹ̀kẹ́ láti Manchester lọ sí adágún kan tó ń jẹ́ Windermere, ó ní òun ló tóbi jù ní gbogbo England, wọ́n á wá kó sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan, wọ́n á máa wà á kiri. Wọn ò pẹja o, wọn ò sọdá lọ ibì kankan o. Ẹ bá mi gbọ́ ọ, wọ́n ń wakọ̀ lójú omi láìníbi tí wọ́n ń lọ!

Bàbá Ìbejì:
Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ jàre. Raleigh dúdú ni bàbá mi ní, Òmù-Àrán la wà nígbà yẹn, tó bá di ọjọ́ ọjà Àjàṣẹ́ bàbá á gbé mi síwájú lórí irin, ẹ̀gbọ́n mi á jókòó sẹ́yìn, iṣu á wà lápá ọ̀tún, iṣu á wà lápá òsì, tá a bá dé òkè wọ́n á ní ká sọ̀ kálẹ̀ ká máa tì í, tá a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wọ́n á ní ká di òun mú, bíréèkì ò sì sí níbẹ̀, bàtà bàbá ni bíréèkì. A ò kú. Ọmọ tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ kò ráyè yahoo.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀:
Bàbá, tírélà mélòó lẹ bá pàdé láàárín Òmù-Àrán sí Àjàṣẹ́ nígbà yẹn? Àǹtí, ẹ ò dáhùn ti ìyá ẹ̀.

Dírẹ́bà Òkè Ọya:
Èmi ni kẹ́ ẹ bi. Ọ̀nà Bódè Sáadú yẹn ni mò ń gbà lọ sókè. Bí ọgọ́rùn-ún kìlómítà ni láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, ẹ̀gbẹ́ títì ti jẹ wọnú, tí tírélà bá fẹ́ yẹ kòtò, kì í wò bóyá ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Atẹ́gùn tírélà nìkan tó láti gbé kẹ̀kẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ sọ sínú igbó. Nǹkan kejì, ẹ bi í pé ọwọ́ wo ló ń gbà. Àwọn ará ọ̀hún, apá òsì ni wọ́n ń gbà. Àwa náà ń gba òsì títí di 2 oṣù kẹrin 1972 tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, bàbá tó kọ́ mi ní mọ́tò ò yéé sọ ìtàn ọjọ́ yẹn. Ẹni tí ara ẹ̀ ti mọ́ òsì, ọjọ́ tí ẹ̀rù bá bà á lójijì, òsì yẹn náà ló máa yà sí.

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ ò rí nǹkan! Ó ti ṣe é rí ní Ọ̀ffà Gáréèjì, ọlọ́kadà bú u ní Yorùbá, bú u ní Haúsá, ó ń juwọ́ sí i, ó rò pé wọ́n ń kí òun ni.

Fọ́ọ̀kàníṣà Gáà Àkáńbí:
Mo fẹ́ sọ tèmi kẹ́ ẹ tó jà. Mo ti rí irú kẹ̀kẹ́ yẹn. Táyà ẹ̀ tín-ín-rín, ẹnu tíúbù ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, kì í ṣe irú ti mọ́tò àti ọ̀kadà, pọ́ǹpù wa ò lè mú un. Tó bá jò lójú ọ̀nà Jẹ́bà kò sí fọ́ọ̀kàníṣà tó máa bá a fẹ́ ẹ, àfi tó bá ní irin róbótó tí wọ́n ń dè mọ́ ọn lẹ́nu. Kó mú tíúbù méjì dání, kó mú pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ àti páàṣì. Ẹ má sì yọ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọlọ́mọ, tí rọ́tọ̀ bíréèkì ẹ̀, irin pẹlẹbẹ tí bíréèkì ń dì mú, bá tẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kò sí ẹni tó máa bá yín tún un ṣe ní gbogbo Ìlọrin.

Àlàájì Ṣakasó:
Gbogbo yín ń sọ táyà, ajínigbé ńkọ́? Ọmọ tó ń sọ Yorùbá pẹ̀lú ohùn òyìnbó, tó wọ ṣòkòtò awọ ìlù, tó gun kẹ̀kẹ́ tó ń dán? Lápá Kwara South níbí a ti ń fi àdúrà rìn, ní Ìfẹ́lódùn èèyàn ò lè lọ oko mọ́. Ẹ ní kó jókòó sílé.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Àlàájì, Jẹ́bà ò sí ní Kwara South, ìjọba ìbílẹ̀ Mọ́rò ni.

Àlàájì Ṣakasó:
Ṣé ajínigbé ń béèrè ìjọba ìbílẹ̀ ni? Ọmọdé.

Alájọ Ọjà Ọba:
Àǹtí, ẹ má bínú sí mi o, àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹyin ni, kápẹ́ẹ̀tì ni, Áfáà ni. Ẹ ń ka ẹyin, ẹ ò ka ọmọ.

Ìyá Aláṣọ:
Mo ní kẹ́ ẹ má bú mi. Ṣé ẹ mọ iye tí kíréètì ẹyin jẹ́ báyìí? Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà mí nímọ̀ràn kó kọjá.

Ará Jẹ́bà:
Ẹ kú ọ̀rọ̀. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ní Jẹ́bà, ẹ jẹ́ n là á fún yín. Omi méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tó wà lókè dáàmù ni adágún, èyí tó wà nísàlẹ̀ ni Odò Ọya tó ń ṣàn lọ. Dáàmù Kainji wà lókè wa, òun ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́, ó parí ní 1968, tiwa dé ní 1985. Gbogbo omi tí Kainji bá tú sílẹ̀, orí wa ló ń bọ̀. Láti oṣù kẹjọ lọ ni omi òjò ilẹ̀ wa ń wọlé, omi funfun la ń pè é, ẹrẹ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀, ó máa ń gbé gẹdú bọ̀. Omi dúdú, ìyẹn èyí tó mọ́, ọ̀nà Gínì ló ti ń bọ̀, ó rìn tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bá wa. Sọ́mà tiwọn, òjò tiwa ni. Kí ọmọ yín má fi Windermere wé e.

Tó bá jẹ́ dandan, àárọ̀ kùtù ni kó wọ ọkọ̀, kó ti gúnlẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n, torí ìjì tó ṣáájú òjò ọ̀sán kì í kan ilẹ̀kùn. Tápà tó ń pẹja níbẹ̀ ni kó bá lọ, kó má dá wà á, àwọn ló mọ ibi tí kùkùté igi wà lábẹ́ omi. Kó wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì, tirẹ̀ gan-an, apẹja ò ní. Ẹ ṣáà rántí Pátígì, oṣù kẹfà 2023, èrò ìyàwó tó ń padà sílé lóru, òjò ti ba ọ̀nà jẹ́ ni wọ́n ṣe kó sínú ọkọ̀, ọkọ̀ kọ lu igi lábẹ́ omi, èèyàn tó lé ní 100 ló lọ. Mo mọ ilé tí èèyàn mẹ́rin ti jáde tí ẹnì kankan ò padà.

Ohun tí mo rí sí i, ẹ gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn mọ́tò, ẹ fi mọ́tò gbé e dé Jẹ́bà, kó wá gun kẹ̀kẹ́ ẹ̀ níbẹ̀, kó wo àpáta inú odò, kó wo òpó ìrántí Mungo Park àti Lander, àwọn òyìnbó tó tọ Odò Ọya láyé àtijọ́, kí mọ́tò tún gbé e padà. Ṣé kò sí mọ́tò nílẹ̀ ni?

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀:
Ohun tí mo ti ń bọ̀ wá bi nìyẹn. Àwọn ará ọ̀hún kì í rán ọmọ wálé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láìṣètò mọ́tò. Àǹtí, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé: ṣé ìyá ẹ̀ mọ̀?

Ọmọ Gàm̀bàrí:
Àǹtí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ń rí wọn, wọ́n ń kọ, wọ́n ń pa á rẹ́.

Ìyá Aláṣọ:
Ó dáa. Ìyá ẹ̀ mọ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ òun máa gun kẹ̀kẹ́, ó mọ̀ pé ó máa fẹ́ dé ibi omi, ìyẹn ló ṣe fi owó ránṣẹ́ sí mi ní oṣù kẹfà, pé kí n fi gba mọ́tò àti dírẹ́bà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí yóò máa tẹ̀ lé e lẹ́yìn, tí yóò máa gbé omi àti páàṣì, kí n sì ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Owó dé, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni onílé ṣọ́ọ̀bù mi gbé àgádágodo wá. Gbogbo àdìrẹ àti léèsì mi wà nínú ẹ̀. Mo ní kí n fi gbà á, kí n tó fi àjọ mi dí i padà, àjọ ò bọ́ sí mi títí di òní. Ọmọ yẹn bi mí lẹ́ẹ̀kan péré nípa mọ́tò, mo ní ó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Kò bi mí mọ́. Ẹ̀rù tó ń bà mí nìyẹn, tí nǹkan bá ṣe é ní Jẹ́bà, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi? Mi ò jí owó o. Mo yá a ni.

Alájọ Ọjà Ọba:
Ẹ yá a lọ́wọ́ ta?

Bàbá Ìbejì:
Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà. Ọmọ dá wà láàárín tírélà, owó mọ́tò ẹ̀ wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ Ọ̀ffà:
Ẹ rọra, gbogbo wa la ti fi owó ẹlòmíì tán nǹkan rí. Ẹni tí onílé ò tíì lé rí kó sọ̀rọ̀.

Dírẹ́bà Òkè Ọya:
Èmi ń lọ òkè lọ́jọ́ Sátidé, mo lè gbé òun àti kẹ̀kẹ́ ẹ̀ dé Jẹ́bà, mi ò gbowó. Ọjọ́ Ajé ni mò ń padà o. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ pe ìyá ẹ̀, mi ò ní gbé ọmọ tí ìyá ẹ̀ ò mọ ọkọ̀ tó wọ̀.

Nọ́ọ̀sì Tánkẹ̀:
Àǹtí, ẹ pè é lálẹ́ òní. Ẹ má fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ pè é.

Ìyá Aláṣọ:
Ẹ̀yin èèyàn mi, mo pè é lẹ́yìn Ìṣáì. Mo ti ń sunkún kó tó gbé e. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán pátápátá. Ó ní ọmọ òun ti sọ fún òun láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ pé kò sí mẹkáníìkì kankan, pé òun rí rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù lórí tábìlì, pé kí ìyá òun má sọ ọ́, torí Àǹtí ń se ẹyin fún òun láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun ń dúró kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ni. Lẹ́yìn náà ó bú mi fún ogójì ìṣẹ́jú. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì ni kí n kọ́kọ́ rà lọ́la, owó tó kù á wá díẹ̀ díẹ̀. Dírẹ́bà, ó fẹ́ gbọ́ ohùn yín kẹ́ ẹ tó gbé e, ẹ bá mi wá ní inbox.

Fọ́ọ̀kàníṣà Gáà Àkáńbí:
Ẹ ní kó ya ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Mo ti rí irin róbótó yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá kan, ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ ni. Kó wọ ṣòkòtò gidi wá o, Áfáà wà ládùúgbò tiwa náà.