Àwọ̀ Méjìlá Nínú Páálí, Eérú Lórí Ìpénpéjú

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń jẹun nídìí búrọ́ọ̀ṣì àti àtíkè. Ẹnì kan béèrè bóyá àwọn pálẹ́ẹ̀tì àtíkè ìpénpéjú, ìyẹn páálí tí wọ́n to onírúurú àwọ̀ sínú rẹ̀, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde yìí tó owó tí wọ́n ń dá lé wọn, mo sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń ka orúkọ èyí tí ẹ fẹ́ràn sílẹ̀. Èmi kò ní bá yín du orúkọ, nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí lára páálí. Ojú oníbàárà ni mo ti kọ́ ọ, ìtìjú ni mo sì fi san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ti di ọdún kẹsàn-án báyìí tí mo ti ń kun ojú fún ìyàwó. Ní oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí ìgbéyàwó pọ̀ débi pé ojú ìyàwó méjì ni mo máa ń kùn kí agogo mẹ́wàá àárọ̀ Sátidé tó lù, mo ra pálẹ́ẹ̀tì tuntun kan tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀ lórí fóònù. Àwọ̀ méjìlá ló wà nínú rẹ̀, láti orí àwọ̀ wàrà títí dé àwọ̀ kòkó, gbogbo wọn tò lẹ́sẹẹsẹ bí aṣọ inú àpótí ìyàwó. N kò dán an wò lára ẹnikẹ́ni. Mo kàn ṣí i, mo wò ó, inú mi dùn, mo sì dì í mọ́ ẹrù iṣẹ́.

Adúmáadán ni ìyàwó ọjọ́ náà, ó dú bí kóró iṣin, ara rẹ̀ sì ń dán láìjẹ́ pé a fi ohunkóhun ra á. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ àwọ̀ kan tó jọ bisikíìtì, mo gbọ̀n ọ́n sí etí páálí, mo gbé e lé ìpénpéjú rẹ̀. Ìdajì rẹ̀ dà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìdajì tó kù sì wọlé ṣinṣin bí ẹni pé n kò kun nǹkan kan. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà tí mo kùn ún lẹ́ẹ̀kẹta ni àwọ̀ náà tó fara hàn, kì í sì í ṣe bisikíìtì mọ́: eérú ni, eérú ààrò tí wọn kò kó láti àná, ó sì lẹ̀ mọ́ ibi tí ìpénpéjú ti ń ká bí ẹ̀lùbọ́ tó dà sára ìkòkò dúdú.

Àkókò yẹn gan-an ni ìyá ìyàwó wọlé wá mú gèlè rẹ̀. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Àbí ọmọ mi ò rí oorun sùn ni?" Kò bínú rárá, ó rò pé àárẹ̀ ló wà lójú ọmọ òun, àánú rẹ̀ sì ń ṣe é, ìyẹn ló sì dùn mí ju bí ì bá ṣe bú mi lọ. Mo ní, "Ẹ má bínú mà, mi ò tíì parí ẹ̀ ni." Mo mú òwú àti òróró, mo nu gbogbo rẹ̀ kúrò, mo sì yọ pálẹ́ẹ̀tì mi àtijọ́ jáde, èyí tí ìdérí rẹ̀ ti kán tí mo ń fi rọ́bà dè. Mo fi pupa tó jinlẹ̀ sí igun ojú rẹ̀, mo fi ìka, kì í ṣe búrọ́ọ̀ṣì, tẹ àwọ̀ bàbà tó ń dán sí àárín, mo sì fi dúdú díẹ̀ fa ìdí irun ìpénpéjú. Nígbà tí ìyá náà padà wá, kò sọ nǹkan kan. Ó kàn fa àga sún mọ́ mi, ó jókòó, ó gbé ojú tirẹ̀ sókè.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ayédèrú ni mo rà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fi pálẹ́ẹ̀tì kan náà kun ojú obìnrin kan ní Ìjàpọ̀, ẹni tó pupa fòò, àwọ̀ bisikíìtì yẹn sì jókòó sójú rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn. Nígbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí ohun tó wà nínú àwọn agolo pẹlẹbẹ wọ̀nyí.

Talc àti mica, tí í ṣe òkúta tí wọ́n lọ̀ kúnná, ló máa ń pọ̀ jù nínú wọn, pẹ̀lú òróró díẹ̀ tó so wọ́n pọ̀. Ìpáàrà irin ló ń fún un ní pupa, ní pupa rúsúrúsú àti ní dúdú, irú ìpáàrà irin tó mú kí ilẹ̀ wa níhìn-ín pọ́n tó fi ń kun bàtà ẹni tó bá gba ọ̀nà tí wọn kò da ọ̀dà sí. Ohun tí wọ́n fi ń mú kí àwọ̀ mọ́lẹ̀ ni titanium dioxide, tó funfun bí ẹfun. Bí àwọ̀ kan bá ti ń lọ sí ọ̀nà wàrà, bẹ́ẹ̀ ni funfun yìí máa ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Lára ẹni tó pupa, ó kàn ń mú kí àwọ̀ rọ̀ lójú ni. Lára ẹni tó dú, funfun tí a tẹ́ lórí dúdú kì í mú nǹkan mìíràn jáde ju eérú. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ náà bá jẹ́ èyí tó ń dán, ọ̀rọ̀ yí padà, nítorí pé mica tó ń dán nínú rẹ̀ ń ta ìmọ́lẹ̀ padà sójú ẹni tó ń wò ó, kò kàn tẹ́ síbẹ̀ bí ẹfun. Ìdí rèé tí àwọ̀ wúrà fẹ́ẹ́rẹ́ fi ń dára lójú adúmáadán níbi tí bisikíìtì ti kùnà.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibi tí àwọ̀ ilẹ̀, irú bisikíìtì àti kòkó wọ̀nyí, ti wá. Ní 2010 ni Urban Decay, ilé-iṣẹ́ àtíkè kan ní Amẹ́ríkà, gbé pálẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní Naked jáde, àwọ̀ méjìlá, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ àti àwọ̀ bàbà, ó sì tà débi pé àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú rẹ̀. Wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2018. Naked, ìhòòhò! Ìhòòhò ta ni? Ó dájú pé kì í ṣe tèmi. Lẹ́yìn náà ni Chichi Eburu, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá ilé-iṣẹ́ àtíkè Juvia's Place sílẹ̀, tí ó sì fi pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó ń jẹ́ The Nubian hàn wá pé àwọ̀ méjìlá lè wà nínú páálí kan kí wọ́n sì jinlẹ̀ tó láti hàn lójú ẹni tó dú. A rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní 2025, Pantone, ilé-iṣẹ́ tó máa ń yan àwọ̀ kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan, tún yan Mocha Mousse, àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ ọdún náà, àwọ̀ ilẹ̀ sì tún kún gbogbo àtẹ. Fún 2026, funfun ni wọ́n yàn, wọ́n pè é ní Cloud Dancer. Ẹ ò rí i pé ó yẹ kí n bẹ̀rù.

Ní tèmi, aṣọ òkè ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n nísinsìnyí. Bí mo bá ṣí pálẹ́ẹ̀tì tuntun, mo máa ń wá àláàrì nínú rẹ̀, ìyẹn pupa tó jinlẹ̀. Mo máa ń wá ẹtù, aró tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dú, tí mo lè fi ṣe òjìji sí igun ojú. Bí sányán, àwọ̀ ilẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, bá sì wà nínú rẹ̀, ó gbọ́dọ̀ máa dán, bí kò bá dán, n kò ní í fi ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá fi elésè àlùkò tàbí àwọ̀ ewé tó ki kún un, ọpẹ́ ni. Mẹ́rin péré tó bá ṣiṣẹ́ nínú méjìlá, mo lè rà á. Bí ó bá jẹ́ pé àwọ̀ wàrà mẹ́jọ ni wọ́n fún mi pẹ̀lú orúkọ mẹ́jọ, owó mi á dúró sápò.

N kì í sì í ra èyí tí n kò bá fọwọ́ kàn mọ́. Ní Ọjà Ọba, lọ́dọ̀ obìnrin kan tó máa ń ṣí ọ̀kan sílẹ̀ fún ìdánwò, mo máa ń fi ìka kan àwọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo máa ń fà á sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, nítorí pé inú apá mọ́lẹ̀ ju ìpénpéjú lọ ó sì máa ń tan ènìyàn jẹ, mo sì máa ń jáde kúrò lábẹ́ agboòrùn lọ wò ó nínú oòrùn gangan. Ó ti sú obìnrin náà. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ rà á ni, àbí ẹ fẹ́ kùn ún lọ sí òde?" A jọ rẹ́rìn-ín, mo sì ra ẹyọ kan.

Ti ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìlú Oǹdó burú ju tèmi lọ: ohun yinrinyinrin tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń ṣe iṣẹ́ ọnà ni ó fi rọ́pò èyí tó tán nínú pálẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ojú oníbàárà sì pọ́n kó tó di pé wọ́n gé àkàrà òyìnbó. Irú ìyẹn kò kúnná tó, etí rẹ̀ mú, ó sì lè ha ẹyinjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Pálẹ́ẹ̀tì ti oṣù Kejìlá ṣì wà lọ́wọ́ mi. Àwọ̀ mẹ́ta nínú rẹ̀, kòkó àti méjì tó ń dán, ti lọ débi pé ìdí agolo ti ń hàn. Mẹ́sàn-án yòókù rí bí ìgbà tí mo rà á. Ní oṣù tó kọjá, ìyá ìyàwó ọjọ́sí mú ọmọ rẹ̀ kejì wá, òun náà dú bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. N kò tíì mú búrọ́ọ̀ṣì tí ìyá náà fi nà ọwọ́ sí ẹrù mi, ó ré àwọn páálí tuntun kọjá, ó mú èyí tí mo fi rọ́bà dè, ó tú u, ó sì fi ìka ara rẹ̀ kan pupa àláàrì náà. Ó ní, "Eléyìí ni."