Àpọ́sítélì ta ni Pọ́ọ̀lù: ti Kèfèrí ni, àbí ti orílẹ̀-èdè?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo ilé.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni orúkọ tó yẹ ká máa pe àwọn tí Ọlọ́run rán Pọ́ọ̀lù sí. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ká fi "Kèfèrí" sílẹ̀ bó ṣe wà, torí ó ti mọ́ wa lẹ́nu láti ayé Àjàyí Crowther. Àbúrò wa kan fèsì pé èébú ni, ó wá ṣẹ̀dá "aláìṣe-Júù" láti rọ́pò rẹ̀ níbi gbogbo. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn méjèèjì, àmọ́ n kò bá ìkankan lọ nínú wọn. Ọ̀rọ̀ tí a ń wá kiri ti wà nínú Bíbélì wa tipẹ́: "orílẹ̀-èdè" ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí Gálátíà 3:8. Bíbélì Yorùbá àtijọ́ ní Ìwé Mímọ́ ti rí i tẹ́lẹ̀ pé Ọlọ́run yóò dá "àwọn Kèfèrí" láre nípa ìgbàgbọ́, ló fi sọ fún Ábúráhámù pé nínú rẹ̀ ni a ó ti bùkún fún gbogbo "orílẹ̀-èdè". Nínú Gíríìkì tí Pọ́ọ̀lù fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló lò lẹ́ẹ̀mejèèjì, éthnē. Ohun tó sì ń sọ kò lè dúró láìsí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ọ̀kan. Ó ń sọ pé àwọn tí ẹ̀ ń wò bí ará ìta yìí, àwọn gan-an ni Ọlọ́run ní lọ́kàn nígbà tó ń ṣèlérí fún Ábúráhámù. Ẹni tó ń ka Yorùbá kò lè rí i, torí lójú tirẹ̀, Kèfèrí lọ́tọ̀, orílẹ̀-èdè lọ́tọ̀. Bó ṣe rí náà nìyẹn láàárín Róòmù 4:17, níbi tí Ábúráhámù ti jẹ́ baba orílẹ̀-èdè púpọ̀, àti Róòmù 11:13, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti di àpọ́sítélì àwọn Kèfèrí. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, a sì ti já okùn rẹ̀.

N kò bá Crowther wí. Ìwé sí àwọn ará Róòmù tó túmọ̀ jáde lọ́dún 1850, odindi Bíbélì sì parí lọ́dún 1884. Ọ̀rọ̀ tó bá lẹ́nu àwọn ènìyàn ló lò, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ pé ọwọ́ àwọn Mùsùlùmí la ti gbà wọ́n: àdúrà, wàásù, wòlíì, àlùfáà. Kèfèrí náà wà nínú wọn. Káfir ni ní èdè Lárúbáwá, ẹni tó kọ òtítọ́ tàbí tó bò ó mọ́lẹ̀, àwọn Haúsá sì ń pè é ní káfìrì. Ọ̀rọ̀ nípa ìgbàgbọ́ ni. Ẹni tó bá gbàgbọ́ ti bọ́ nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Éthnē kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nípa ìran àti ibi tí wọ́n ti bí ènìyàn ni, ìgbàgbọ́ kì í sì í mú ẹnikẹ́ni kúrò nínú ìran rẹ̀.

Ẹ wo Róòmù 16:4, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti ní gbogbo ìjọ àwọn Kèfèrí ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Pìrìsílà àti Àkúílà. Báwo ni Kèfèrí ṣe ní ìjọ? Ní 11:13 ńkọ́, "ẹ̀yin Kèfèrí" ló ń bá wí, àwọn tó ti gba Jésù gbọ́, tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi. Ìjà tí Pọ́ọ̀lù fi gbogbo ayé rẹ̀ jà nìyí, pé kí wọ́n gbà wọ́n bí wọ́n ṣe jẹ́, láìsọ wọ́n di Júù. Ó mú Títù lọ sí Jerúsálẹ́mù, ará Gíríìkì ni, wọn kò sì fipá kọ ọ́ nílà. Ní Áńtíókù, Pétérù ń bá wọn jẹun tẹ́lẹ̀, àfi ìgbà tí àwọn kan dé láti ọ̀dọ̀ Jákọ́bù tó wá ń fà sẹ́yìn. Pọ́ọ̀lù dojú kọ ọ́ lójú gbogbo ènìyàn. Bó bá jẹ́ pé Kèfèrí ni wọ́n lóòótọ́, Pétérù ló jàre.

(Bíbélì wa tún ń pè wọ́n ní aláìkọlà. Nílẹ̀ Yorùbá, ọmọ abọ̀rìṣà náà ń kọlà láti kékeré. Ẹ ò rí i pé ẹni tí à ń pè ní kèfèrí nílé wa kọ́ ni aláìkọlà inú ìwé yẹn.)

Nǹkan kan tún wà tí a lè fojú rí. Lọ́dún 1871, Clermont-Ganneau, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, rí òkúta kan ní Jerúsálẹ́mù, ara ògiri tó yí àgbàlá inú tẹ́ńpìlì ká. Gíríìkì tí wọ́n fín sí i kìlọ̀ pé ẹni ìran mìíràn kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀, ikú ni fún ẹni tó bá wọlé. Allogenḗs ni wọ́n kọ, ẹni tí a bí sínú ìran mìíràn. Kò béèrè ohun tí onítọ̀hún gbà gbọ́. Nítorí ògiri yìí gan-an ni wọ́n ṣe mú Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe 21, wọ́n rò pé ó mú Tírófímù ará Éfésù wọlé. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó bá wọn sọ èdè Hébérù, wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, ó sọ ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀nà Dámásíkù àti ti Ananáyà, kò sẹ́ni tó janu. Ìgbà tó sọ pé Olúwa yóò rán òun lọ jìnnà réré sí éthnē, ariwo ta.

Ẹ jẹ́ kí n kan "aláìṣe-Júù" náà. Mo mọ̀ pé àwọn ìtumọ̀ ẹnu àìpẹ́ yìí ń kọ "àwọn tí kì í ṣe Júù", ó sì mọ́ ju Kèfèrí lọ. Àmọ́ kò ṣeé fi sínú ìlérí Ábúráhámù, nígbà tí kò tíì sí Júù kankan láyé. Bó bá sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo la fẹ́ dárúkọ, Gíríìkì ni Pọ́ọ̀lù pe Títù, ìyẹn tó.

Ẹnìkan lè ní orílẹ̀-èdè ti di Nàìjíríà àti Gánà. Lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n "orílẹ̀" inú oríkì orílẹ̀ ti wà kí àsíá àti pásípọ́ọ̀tù tó dé. Ká fi "yòókù" kún un níbi tó bá ti yẹ: àpọ́sítélì àwọn orílẹ̀-èdè yòókù. Mo kọ́kọ́ ro "ìran", àmọ́ Pọ́ọ̀lù rí ìran lọ́nà Dámásíkù, méjèèjì yóò máa kọ lu ara wọn.

Wọ́n tún béèrè bóyá ó yẹ ká máa pe ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Pọ́ọ̀lù lọ́nà Dámásíkù ní "ìyípadà", èyí tí kàlẹ́ńdà Áńgílíkà ń ṣe ní 25 oṣù kìíní. N kò ní kí a pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pọ́ọ̀lù fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Gálátíà 1:15, ó ní Ọlọ́run pe òun ni. Kò kúrò nínú Kèfèrí bọ́ sínú ìgbàgbọ́, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ló ṣì ń sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé "Farisí ni mí". Orúkọ rẹ̀ pàápàá kò yí padà lọ́nà Dámásíkù bí wọ́n ṣe máa ń wàásù rẹ̀. Ìṣe 13:9, ní Kípírọ́sì, ló kọ́kọ́ ní Sọ́ọ̀lù tún ń jẹ́ Pọ́ọ̀lù.

Ibi kan ṣoṣo ló ṣì ń dí mi lọ́wọ́, 1 Kọ́ríńtì 12:2, "nígbà tí ẹ jẹ́ Kèfèrí". Éthnē náà ló wà níbẹ̀, Pọ́ọ̀lù sì sọ ọ́ bí ohun tó ti kọjá. Bí a bá kọ "orílẹ̀-èdè" síbẹ̀, kò ní yé ẹnikẹ́ni. "Nígbà tí ẹ ṣì ń bọ òrìṣà" ni èmi yóò kọ. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Gíríìkì jù mí lọ, ṣé ẹ gbà á bẹ́ẹ̀?